Ọmọ ní òtútù, àbúrò ọkọ ní ooru: ta ló ń purọ́ ní Chicago?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Chicago, ìparí oṣù Kẹrin ló débẹ̀. Ilé tó gbà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí etí omi ńlá tí wọ́n ní. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Karùn-ún, mo pè é lọ́sàn-án ibẹ̀, ó ní kóòtù lòun wọ̀, òtútù ń mú òun, òun ń gbọ̀n. Mo pe àbúrò ọkọ mi tó ti pẹ́ nílùú yẹn, apá ìwọ̀ oòrùn ni ilé tiẹ̀ wà. Òun ní síńgílẹ́ẹ̀tì lòun wọ̀, òun ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé, ooru ń mú òun. Fóònù tí èmi fi wo ojú ọjọ́ ibẹ̀ sọ ohun kẹta. Ìlú kan náà, wákàtí kan náà! Ta ló ń purọ́ nínú wọn? Ṣé òótọ́ sì ni pé ìlú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é? Kí ni kí n ní kí ọmọ yìí tọ́jú kí òtútù gan-an tó dé?" Ìyá nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn:

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màmá. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe èmi náà rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Chicago, àwọn ará wa kan pè mí síbi ìsọmọlórúkọ létí omi, oṣù Karùn-ún náà ni. Níbi tí mo ti jáde nílé, oòrùn mú ganrínganrín. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò léèsì tó lójú wínníwínní, mo gẹ fìlà, mo wọ bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ létí adágún, afẹ́fẹ́ kan gba gbogbo ojú léèsì yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í lura wọn. Ìyá ọmọ tuntun gan-an ló bọ́ ìborùn rẹ̀ fún mi. Fọ́tò ọjọ́ yẹn ṣì wà, mi ò ní fi han ẹnikẹ́ni. Mo sì ti kàwé nípa ojú ọjọ́ nígbà yẹn o!

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara omi yẹn, torí òun ni baálé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Adágún Michigan ló wà ní ìlà oòrùn Chicago. Bí a bá pe adágún, ọmọ Ìbàdàn á máa ro Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣéjirè. Ẹ gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Èyí gùn tó kìlómítà 490 láti àríwá dé gúúsù. Bí ẹyẹ bá gbéra l'Ékòó tó ń fò lọ tààrà sí Àbújá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìrìn kan náà. Ibi tó fẹ̀ jù níbẹ̀ tó kìlómítà 190, ibi tó jìn jù sì lé ní mítà 280. Ẹni tó bá dúró létí rẹ̀ kò lè rí òdìkejì. Ó ní ìgbì, ó ní iyanrìn, ọkọ̀ ńláńlá ń lọ ń bọ̀ lórí rẹ̀. Iyọ̀ nìkan ni kò sí nínú omi rẹ̀.

Omi kì í yára gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í yára tutù. Ẹ gbé abọ́ páànù òfìfo sínú oòrùn, kí ẹ gbé garawa omi tì í. Kó tó tó wákàtí kan, páànù á ti máa jó ọwọ́, omi inú garawa á ṣì tutù nini. Ilẹ̀ Chicago ni páànù, adágún ni garawa. Nínú oṣù Karùn-ún, oòrùn ibẹ̀ ti le, ó lè mú kí ilẹ̀ gbóná dé dígíríì 27 tàbí 28 ní òǹkà Celsius. Àmọ́ adágún ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òtútù oṣù mẹ́rin ni. Omi rẹ̀ lè máà ju dígíríì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. Ẹ ronú omi tí ẹ gbé kúrò nínú fíríìjì.

Nígbà tí ilẹ̀ bá wá gbóná lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á fúyẹ́, á máa gòkè lọ. Àyè rẹ̀ kò ní ṣófo: afẹ́fẹ́ tó wúwo, tó tutù, tó jókòó sórí adágún á fà wọlé wá gba ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe l'Ékòó. Ẹni tó bá wà létí òkun ní Victoria Island lọ́sàn-án ń gba atẹ́gùn, ẹni tó wà ní Agége ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òkun Èkó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ láti ọdún dé ọdún, torí náà atẹ́gùn rẹ̀ kàn ń tu ara lára ni. Ti Chicago ní oṣù Karùn-ún lè gba kóòtù lọ́wọ́ ẹni tó ti kó o sínú àpótí.

Ọmọ yín ń gbé nínú atẹ́gùn adágún, àbúrò ọkọ yín ń gbé níbi tí atẹ́gùn yẹn kò tíì dé lọ́jọ́ náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì lè tó dígíríì mẹ́wàá, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹfà, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀: wọ́n á dárúkọ ooru ọjọ́ náà tán, wọ́n á wá fi kún un pé yóò tutù jù bẹ́ẹ̀ létí adágún. Àwọn ará ìlú ti gbọ́ gbólóhùn yẹn títí, ó ti di àwàdà.

Atẹ́gùn yìí sì ní etí, bí ìgbà tí aṣọ ní etí. Ó máa ń rìn wọ ìlú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan á dúró ní kìlómítà márùn-ún sí omi, lọ́jọ́ mìíràn á rìn dé ọgbọ̀n kìlómítà, á bá àbúrò ọkọ yín nídìí ẹran tó ń yan. Níbi tó bá ti ń kọjá, ẹ ó rí àsíá tó ń fẹ́ síhìn-ín tí á yí padà síbẹ̀, ooru á sì já dígíríì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ líle bá ń ti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, á ti atẹ́gùn adágún padà sórí omi, etí adágún á wá gbóná bí ibi yòókù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kí wọ́n tó béèrè iye dígíríì.

Ó ku fóònù. Òǹkà tí ìjọba ń pè ní ti Chicago, pápákọ̀ òfurufú O'Hare ni wọ́n ti ń kà á láti oṣù Kìíní ọdún 1980, ibẹ̀ sì ju kìlómítà 15 lọ sí adágún. Kí wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀, pápákọ̀ Midway ló wà láti 1942. Ṣáájú ìyẹn, Yunifásítì Chicago ni, tó súnmọ́ omi dáadáa. Ẹ wo ohun tí ìyẹn fà nínú oṣù Keje 1934. Òǹkà tó ga jù nínú ìwé ìjọba fún Chicago, dígíríì 40.6, ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní yunifásítì ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Ṣùgbọ́n ní Midway, dígíríì 42.8 ni wọ́n kà ní ọjọ́ tó ṣáájú, torí pé ibẹ̀ jìnnà sí omi jù ú lọ. Ìlú kan náà ni, ooru kan náà ni, ibi tí wọ́n gbé tẹmómítà sí ló yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé tẹmómítà sójú fèrèsé ọmọ yín. Kó wá orúkọ àdúgbò rẹ̀ gan-an lórí fóònù, kó má ṣe tẹ "Chicago" nìkan.

Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ á yí padà, àbúrò ọkọ yín ni yóò wá máa ráhùn. Gbogbo ooru tí adágún ti rọra mu láti oṣù Kẹfà wá, kò ní tètè tú u sílẹ̀. Lóru oṣù Kẹwàá, ẹ̀yìnkùlé ibi tó jìn sí omi á ti funfun fún ìrì dídì, òdòdó etí adágún á ṣì wà lórí ìdúró. Nínú òtútù gan-an pàápàá, etí omi máa ń fi dígíríì díẹ̀ sàn ju ọ̀nà ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Owó ilé tó ga létí adágún kì í ṣe torí ìran wíwò nìkan.

Ẹ̀bùn yẹn ní gbèsè tirẹ̀, sínóò sì ni gbèsè náà. Bí afẹ́fẹ́ tó tutù gan-an láti Kánádà bá gba orí omi tí kò tíì dì kọjá, á fa ọ̀rinrin àti ooru omi mọ́ra, á di kùrukùru, á sì já a sílẹ̀ bíi sínóò ní èbúté tó bá kọ́kọ́ kàn. Bí afẹ́fẹ́ bá wá láti ìwọ̀ oòrùn, ìpínlẹ̀ Michigan àti ẹ̀gbẹ́ Indiana ló máa ń gbà á, Chicago á sì bọ́. Ìgbà tó bá fẹ́ láti àríwá tàbí àríwá ìlà oòrùn ni Chicago ń jẹ tiẹ̀, nígbà mìíràn á jẹ́ ìlà tóóró kan: àdúgbò kan á kó sínóò dé orúnkún, ìkejì rẹ̀ á máa wo oòrùn. Láròpọ̀, O'Hare ń gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 98 lọ́dún.

Ní ti "ìlú afẹ́fẹ́" tí ẹ gbọ́, òótọ́ ni pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúkọ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kan ojú ọjọ́. Bí a bá fi òǹkà wò ó, ìlú Boston ń gba afẹ́fẹ́ jù ú lọ. Ìtàn tí àwọn amọ̀nà ń sọ fún àlejò ni pé oníwèé ìròyìn kan ní New York ló fi orúkọ náà bú wọn nígbà tí ìlú méjèèjì ń du ẹni tí yóò gba àlejò ìpàtẹ àgbáyé ti 1893. Ìtàn yẹn kò dúró, torí orúkọ náà ti wà nínú ìwé ìròyìn Cincinnati láti àwọn ọdún 1870. Orogún ni Cincinnati àti Chicago nígbà yẹn, ẹnu àwọn ará Chicago ni wọ́n ń bú, pé afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde níbẹ̀. Àwa Yorùbá mọ irú oríkì bẹ́ẹ̀: ìlú kan á sọ ìlú kejì lórúkọ, onílùú á gbà á, á sì fi yangàn. Àmọ́ láàárín àwọn ilé gíga àárín ìlú, afẹ́fẹ́ máa ń há sí òpópónà, á wá fi agbára jáde lórígun. Ẹni tí ìyẹn bá gbá lójú ní oṣù Kìíní kò ní gbà fún mi pé Boston ló lafẹ́fẹ́.

Ìyá mi bi mí nígbà kan pé kí ló mú ènìyàn lọ tẹ ìlú dó síbi tó le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà omi ni. Àwọn onílẹ̀ níbẹ̀, àwọn Potawatomi àti àwọn tó ṣáájú wọn, ti mọ̀ tipẹ́ pé odò kékeré kan ń ṣàn wọ adágún níbẹ̀, àti pé bí ènìyàn bá fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gba odò yẹn wọ inú ilẹ̀, tó wá rù ú lérí fún ìwọ̀n ìrìn díẹ̀ kọjá àbàtà, á bọ́ sínú odò mìíràn tó ń lọ bá Mississippi, títí dé òkun gúúsù. Àbàtà yẹn kún fún ewéko kan tó jọ àlùbọ́sà, tó ń rùn bí aáyù. Shikaakwa ni àwọn tó ń sọ èdè Miami-Illinois ń pè é, àwọn Faransé gbọ́ ọ, wọ́n fi ẹnu tiwọn pè é, ó di Chicago. Ẹ ò rí i pé ìlú aláàáyù ni ọmọ yín ń gbé.

Ẹni tí wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó wá láti ibòmíràn kọ́ ilé gidi síbẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ ni. Jean Baptiste Point du Sable lorúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Haiti ni wọ́n bí i sí. Ó fẹ́ obìnrin Potawatomi kan tó ń jẹ́ Kitihawa, ó dá oko, ó sì ń ṣòwò lẹ́nu odò yẹn ní àwọn ọdún 1780, kó tó tà á ní 1800. Láti 2021, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ kún ti títì ńlá tó gba etí adágún kọjá. Ọmọ yín á ti máa gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìmọ̀.

Ní 1837 ni wọ́n fún Chicago ní ipò ìlú ńlá. Ní 1848, wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ọ̀nà omi kan tó so adágún mọ́ odò inú ilẹ̀, ẹrù kò tún nílò orí mọ́. Ọkà àti igi gba ibẹ̀ kọjá títí owó fi gbé ìlú náà dìde. Àbàtà kò jẹ́ kí omi ìdọ̀tí wọn ṣàn, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi jáàkì gbé ilé sókè ní àwọn ọdún 1850, ilé bíríkì tó ga, pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, kí wọ́n lè ri páìpù sábẹ́ títì. Àmọ́ ibi tí ìdọ̀tí ń ṣàn lọ ni odò, odò ń ṣàn lọ sí adágún, adágún sì ni wọ́n ń mu. Ní 1867 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ihò kan tí wọ́n gbẹ́ lọ sábẹ́ adágún, ó jìn tó kìlómítà mẹ́ta sí èbúté, kí wọ́n lè máa fa omi tó mọ́ níbẹ̀. Ìyẹn náà kò tó. Ní 1900 wọ́n yí odò náà padà pátápátá: odò Chicago tó ń wọ adágún tẹ́lẹ̀ wá ń ṣàn kúrò nínú rẹ̀. Omi tí ọmọ yín ń pọn nínú ẹ̀rọ lónìí, adágún yẹn náà ni.

Kò sí ibi tí ojú ọjọ́ ti bá ìtàn ìlú yìí pàdé bí oṣù Kẹwàá ọdún 1871. Láti oṣù Keje, òjò tó rọ̀ kò tó nǹkan. Igi ni wọ́n fi kọ́ ilé, igi ni wọ́n fi tẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo àgbàdo nínú ọyẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ 8, iná sọ nínú ahéré màlúù ìdílé O'Leary, afẹ́fẹ́ líle láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn sì gbé e, ó ń tì í lọ tààrà sí àárín ìlú àti sí adágún. Àwọn ènìyàn sá wọnú omi, wọ́n dúró níbẹ̀ dé ọrùn. Nígbà tí òjò fi rọ̀ ní ọjọ́ 10, ilé tó jóná tó 17,500, nǹkan bí 300 ènìyàn ti kú, 100,000 kò nílé mọ́. Wọ́n ní màlúù Ìyáàfin O'Leary ló ta àtùpà nípàá. Ìgbìmọ̀ ìlú dá òun àti màlúù rẹ̀ láre ní 1997, ó ti kú tipẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, nínú ọ̀dá àti afẹ́fẹ́ kan náà, ìlú Peshtigo ní Wisconsin jóná, àwọn tó kú níbẹ̀ sì lé ní 1,200. Chicago ló ní oníwèé ìròyìn, òun ni ayé ń sọ.

Iṣẹ́ èbúté ṣì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárín ìlú mọ́. Navy Pier tí wọ́n ṣí ní 1916 fún ọkọ̀ ẹrù ti di ibi tí àwọn ọmọdé ti ń jẹ áásìkiriìmù. Apá gúúsù, ní Calumet, ni ọkọ̀ omi tó ń kó irin àti sìmẹ́ńtì ń lọ. Láti 1959 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà odò Saint Lawrence, ọkọ̀ láti òkun Àtìláńtíìkì lè gùn ún dé Chicago. Òtútù nìkan ló ń tì í: láti nǹkan bí òpin ọdún títí di òpin oṣù Kẹta, ọ̀nà yẹn máa ń wà ní títì nítorí yìnyín.

Màmá, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá ọmọ yín sọ dáadáa ni ti ewu, torí ohun tí ń pani níbẹ̀ kì í ṣe sínóò nìkan.

Lákọ̀ọ́kọ́, ooru. Nínú oṣù Keje 1995, atẹ́gùn adágún kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ooru tó lọ́rinrin bo ìlú. Midway kà á dé dígíríì 41 ní ọjọ́ 13. Ènìyàn 739 ló kú lérí iye tó yẹ kó kú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n dá gbé, tí wọ́n ti fèrèsé nítorí ẹ̀rù olè, tí kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wọn. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yín, á mọ ohun tí mò ń wí. Bí ooru bá dé, kó wo ìyá arúgbó tó bá ń gbé nínú ilé kan náà.

Èkejì, omi náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1954, ìjì kan sáré kọjá lórí adágún láàárọ̀, ó ti omi lọ sí òdìkejì. Ìjì lọ, oòrùn jáde, àwọn apẹja padà sórí odi èbúté Montrose ní Chicago. Omi tí ìjì tì lọ ti gbá èbúté òdìkejì, ó sì yí padà bọ̀, gíga rẹ̀ tó mítà mẹ́ta. Ó gbá wọn wọnú adágún, ènìyàn mẹ́jọ kú. Ẹ gbọ́, afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ nígbà yẹn o. Bí ìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kó má ṣe yára lọ sétí omi. Nígbà òtútù ẹ̀wẹ̀, yìnyín máa ń kóra jọ sétí adágún, á dà bí ilẹ̀ gidi, á tilẹ̀ ní òkè. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ya fọ́tò lórí rẹ̀ lè ré sínú omi láìsí ẹni tó máa rí i.

Ní ti òtútù gan-an, àwọn òǹkà tó le jù kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1985, ó dé dígíríì 33 nísàlẹ̀ òdo; ní òpin oṣù Kìíní 2019, ó dé 31. Oṣù Kìíní lásán, tí kò lọ́rọ̀ nínú, máa ń wà láàárín dígíríì méje nísàlẹ̀ òdo lóru àti òdo lọ́sàn-án. Ó sì máa ń tanni jẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1967, ó gbóná dé dígíríì 18, àwọn ènìyàn bọ́ kóòtù. Ní ọjọ́ 26, sínóò bẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró títí ó fi tó sẹ̀ǹtímítà 58. Ti 1979 ẹ̀wẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ olórí ìlú: wọn kò kó sínóò kúrò lójú títì bó ṣe yẹ, inú bí ará ìlú, wọ́n dìbò, Michael Bilandic lọ, Jane Byrne di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ìlú Chicago.

Àṣà kan wà tí yóò pa ọmọ yín lẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá fi ṣọ́bìrì kó sínóò kúrò níbi tó fẹ́ gbé mọ́tò rẹ̀ sí lójú títì, tó sì fẹ́ jáde, á gbé àga ìdáná tó ti gbó síbẹ̀, tàbí àkàbà, tàbí ohunkóhun tó bá rí. Ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé "mo ti ṣiṣẹ́ níbí, má dé ibẹ̀." Òfin kò fọwọ́ sí i, ará àdúgbò sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní àrókò rèé! Kó má ṣe gbé àga ẹlòmíràn kúrò.

Ní ti ohun tí yóò tọ́jú, ẹ má ṣe ra kóòtù ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ afárá, òtútù Jos ni wọ́n rò tí wọ́n fi kó o wá. Kó rà á níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, kó gùn dé itan, kó ní ìbòrí orí. Bàtà ló ṣe pàtàkì jù, èyí tí omi kò lè wọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní yọ̀ lórí yìnyín, kó sì tóbi díẹ̀ kí ìbọ̀sẹ̀ nípọn lè gba inú rẹ̀. Aṣọ mẹ́ta fẹ́lẹ́ lérí ara wọn sàn ju ọ̀kan ńlá lọ, torí nínú ilé ìwòsàn á gbóná, á nílò láti bọ́ díẹ̀ kúrò. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, torí ọ̀kan á sọnù. Òtútù ibẹ̀ ń gbẹ ara bí ọyẹ́, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tún fi kún un, ètè á máa là. Ohun tí ẹ lè fi ránṣẹ́ ni òrí, òrí gidi, kó pọ̀ díẹ̀.

Ẹ tún sọ fún un pé ọjọ́ máa ń kúrú. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì tó bá wọṣẹ́ láàárọ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí oòrùn, ó sì máa ń mú ọkàn wúwo fún àwa tí a mọ oòrùn lójoojúmọ́. Kó máa jáde lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Bó bá sì gbọ́ fèrè tó ń ké kárí ìlú ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù, kó má ṣe sá: ìdánwò fèrè ìjì líle ni. Bó bá ké ní ọjọ́ mìíràn, kó wọ ìsàlẹ̀ ilé, kó jìnnà sí fèrèsé.

Títí di oṣù Kẹfà, kó máa fi kóòtù fúyẹ́ kan sínú báàgì bó bá ń jáde, bí oòrùn tilẹ̀ mú. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ bá tún pe àwọn méjèèjì, ẹ ní kí àbúrò ọkọ yín pe ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ yín wá jẹ nínú ẹran tó ń yan. Ara ọmọ yẹn á móoru lọ́hùn-ún ju ilé rẹ̀ lọ. Tó bá di oṣù Keje, kí gbogbo wọn wá bá a gbatẹ́gùn létí adágún.